Epo Pupa Nínú Pẹ́dà Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi, mo sì ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mo ba ayé ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. N kò fi àdá bà á jẹ́, n kò sì fi oògùn bà á jẹ́. Ìwé ni mo kà fún un. Ojú ewé kan péré ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kà á lódì, ìwé kíkà náà ló sì sọ ọ́ di ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí kò ní iyì kankan nínú. Ọlọ́run kò bá mi sọ̀rọ̀. Felisité, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló ń bọ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Pọ̀bẹ̀ fún ìsinmi Kérésì. Ó ti gbọ́ Faransé dáadáa. Bàbá rẹ̀ sì ti sọ pé ọmọ náà ni yóò tún ojú ewé náà kà fún òun. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọmọ Massè ni mí, ní ilẹ̀ Adja-Ouèrè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òmìnira kò tíì pẹ́ lára wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé láti Dàkáà ni. Mo ní ìwé ẹ̀rí kan tí mo ká bí ẹní, mo ní táì méjì, mo sì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú oòrùn. Tí wọ́n bá bu omi fún mi, mo máa ń kọ́kọ́ wo ife náà bí ẹni pé ó wá ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ mi.

Bàbá mi pe gbogbo agbo ilé jọ láti kí mi káàbọ̀. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ojú ewé mẹ́rin sílẹ̀. Faransé ni mo fi kọ ọ́, nínú agbo ilé tó jẹ́ pé èmi àti katekísì, olùkọ́ ìjọ wa, nìkan la gbọ́ Faransé, díẹ̀díẹ̀ ni katekísì náà sì ń gbọ́ ọ. Mo dé ojú ewé kejì nígbà tí nǹkan kan húkọ́ lẹ́yìn ilé. Ó tún húkọ́. Lẹ́yìn náà ló bú ramúramù. Ẹ̀gbọ́n mi ló ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ jí.

Gbogbo wọn dìde, wọ́n sáré lọ wò ó. Bàbá mi náà sáré, ẹni tó ti ń sọ fún wa pé orúnkún òun kò gba eré mọ́. Ó ku èmi, katekísì, àti ewúrẹ́ kan. Katekísì ní kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ewúrẹ́ náà dìde, ó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Tàbí kí ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ibẹ̀ ni ìkà mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti wá ìdí mìíràn tó tóbi jù ú lọ fún ọdún mẹ́sàn-án, èyí tó yẹ ẹni tó kàwé. N kò rí.

Bàsílì ni orúkọ tí wọ́n fi sàmì fún ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Òun náà ń rọ ọkọ́ àti àdá, ó sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kò lọ sílé ìwé rárá. Ṣùgbọ́n tó bá gbé etí lé irin, á sọ ibi tó ti ń dun irin náà fún yín.

Ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ dúdú àtijọ́ kan tí imú rẹ̀ gùn. Òyìnbó aláṣẹ kan ló fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ní Adja-Ouèrè nígbà tó ń padà sílé, nítorí pé ọkọ̀ náà kọ̀ láti bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń fọ̀ ọ́ fún un. Òyìnbó ní kó máa mú un. Ẹ̀gbọ́n mi kó ọkùnrin mẹ́wàá jọ, wọ́n tì í dé Massè, wọ́n ń kọrin lọ́nà.

Ohun tó pa ọkọ̀ náà ni àǹbíréyáàjì, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kílọ́ọ̀ṣì. Pẹ́dà tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ni, kí ẹ́ńjìnnì àti táyà lè fi ara wọn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó lè yí gíà, kí ó sì lè dúró. Wáyà ló ń fa ti ọkọ̀ yìí. Wáyà náà ti já, irú rẹ̀ kò sì sí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá rí ọkọ̀ ẹrù kan tó dojú dé lẹ́bàá ọ̀nà Kétu. Àwọn tó ni ín ti yọ ohun tó wù wọ́n, wọ́n sì ti lọ. Ohun tí wọn kò mú gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ń wá: àǹbíréyáàjì ìgbàlódé tí kò lo wáyà. Òróró ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Pọ́ǹpù kékeré kan wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà, òmíràn wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá tín-ín-rín kan ló so wọ́n pọ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ti pẹ́dà, òróró á sáré láti òkè lọ ti ìsàlẹ̀. Ó tún bá ìwé pẹlẹbẹ kan níbẹ̀ tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi í sínú ọkọ̀, ní Faransé. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó dì í sínú ìró ìyàwó rẹ̀, ó gbé e wálé. Ó fẹ́ gbé e wọ inú ọkọ̀ àtijọ́ náà fúnra rẹ̀, nínú àgbàlá wa.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ọkọ̀ yẹn jẹ́ fún un. Ìyá tó bí i kú lórí kẹ̀kẹ́, láàárín ọ̀nà Massè sí Adja-Ouèrè, nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ gba ìtọ́jú. Òun ló wa kẹ̀kẹ́ náà. Kò mọ ìgbà tó kú. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ ni.

Ní ọdún yẹn, ìjọba fẹ́ ṣí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Adja-Ouèrè. Ilé náà ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní agbẹ̀bí, ó sì ní àwòrán Ààrẹ. Kò ní ọkọ̀. Wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé tí ọkọ̀ rẹ̀ bá lè fúnra rẹ̀ rìn wá síbi ayẹyẹ náà, wọn yóò gbà á mọ́ ilé ìwòsàn, òun ni yóò sì máa wà á lọ gbé àwọn aláìsàn. Awakọ̀ ìjọba! Ìyá Felisité, ìyàwó rẹ̀, ti rán kakí rẹ̀ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó ní pẹ́dà.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọ̀sán ọ̀sán ni, nígbà tó bá ti oko dé. Èmi jókòó sórí àga, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ mi. Òun wà lábẹ́ ọkọ̀ lórí àpò ìdọ̀họ.

"Mùsíyé," ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni, ó máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ tó bá fẹ́ bá mi ṣeré, "kí ni ìwé wí?"

"Ìwé ní kí ẹ dá ihò méjì sí ara irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀."

"Mo ti dá a lánàá."

"Ìwé ní kí ẹ wọn ọ̀pá tó ń ti pọ́ǹpù òkè, kó má gùn jù, kó má sì kúrú jù."

"Mo ti fi imọ̀ ọ̀pẹ wọ̀n ọ́n. Ìwé tìrẹ yìí, ẹ̀yìn mi ló ń tọ̀!"

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Felisité ní, "Ẹ fún ọkọ mi Mùsíyé ní sípánà kan kó dì mú, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà sùn." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Felisité, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà, gbé sípánà wá fún mi lóòótọ́. Mo dì í mú. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ní ọjọ́ keje, ó ku kí wọ́n bu òróró sínú rẹ̀. Mo rántí ohun tí ìwé náà sọ níbẹ̀ títí di òní. Ó ní òróró búréèkì nìkan ni kí wọ́n lò, kí wọ́n má ṣe lo òróró mìíràn, ì báà jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì, ì báà jẹ́ ti oúnjẹ. Lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n mọ̀ mí.

Òróró búréèkì kò sí ní Massè. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń fún táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ láti wá a lọ sí ìlú ńlá Àjàṣẹ́. Ó kọ́kọ́ wá bá mi.

"Fara balẹ̀ ka ibẹ̀ yẹn fún mi. Irú òróró wo ni wọ́n ní?"

Mo tún táì mi ṣe. Mo ka Faransé náà sókè, ketekete, bí àlùfáà lórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ni mo túmọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ní òróró tó ti ara igi wá ni. Wọ́n ní ní ilẹ̀ tí ọ̀pẹ bá ti ń hù, epo pupa tí wọ́n sẹ́ dáadáa ló dára jù."

Bàbá mi wá pàtẹ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wá. Àwa tí à ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tí kì í lọ, kò sí ẹni tó máa ń lo irin tuntun nínú agbo ilé wa láì kọ́kọ́ ta epo pupa sí i fún Ògún. Láti ọjọ́ kìíní ni bàbá mi ti ń yí ọkọ̀ náà ká, tó ń retí kí ẹnì kan dárúkọ epo.

"Ẹ ò rí i!" ó ké. "Òyìnbó mọ̀! Ó mọ̀ pé irin ń mu epo! Wọ́n kàn ń fi pa mọ́ fún wa látọjọ́ yìí ni!"

Mo ti mọ̀ pé wọn yóò gbà á. Ohun tí yunifásítì kọ́ mi gan-an nìyẹn: kí n mọ irọ́ tí àwùjọ kọ̀ọ̀kan ti ń retí.

Ìyá Felisité nìkan ló bi mí ní ìbéèrè. Ó ń lọ ata, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Àbí kò ní dì, ọkọ mi? Ọyẹ́ ti ń bọ̀."

"Ìyàwó wa," mo ní, "ẹ́ńjìnnì ń gbóná. Báwo ni epo ṣe máa dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná?"

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ kàwé."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sí ara ògiri.

Wọ́n bu epo náà sí i lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan. Ìyá Felisité ló jókòó sídìí pẹ́dà, ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ ọkọ̀ kó lè yọ afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá.

"Tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́!"

"Dì í mú bẹ́ẹ̀!"

"Mo dì í mú!"

Ó tú ìdè kékeré kan nísàlẹ̀, epo pupa tu ìfófòó sí i lójú.

"Gbé ẹsẹ̀! Tún un tẹ̀!"

"Bàbá Felisité, ata wà lọ́lọ yìí o. Ṣé ká kúkú sè é?"

Nígbà tí ìfófòó tán, pẹ́dà le, ó sì ń rìn bó ṣe yẹ. Oòrùn ti mú kí epo náà máa ṣàn bí omi. Ẹ̀gbọ́n mi wa ọkọ̀ náà yí ilé wa po, ó wà á dé ìdí àwọn ọ̀pẹ tí wọ́n ti ń dá ẹmu, ó dúró, ó yí gíà, ó padà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbá mi mọ́ra. Epo ara rẹ̀ ta sí ẹ̀wù funfun mi.

"Àbúrò mi, láìsí ìwọ, ọ̀nà Àjàṣẹ́ ni ǹ bá wà báyìí."

Mo ní kò tó ọpẹ́. Inú ń bí mi nítorí ẹ̀wù náà.

Mo mọ̀ pé òwúrọ̀ ni ayẹyẹ náà. Mo mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà ní Massè tó sì sọ fún yín pé òun kò mọ̀ pé epo pupa máa ń dì lówùúrọ̀ ọyẹ́, ẹ má gbà á gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí ọkọ̀ náà kọ̀ láti gbéra níwájú èrò lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n fi òun náà sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ewúrẹ́ dìde lọ́dọ̀ tirẹ̀ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ, ó wa ọkọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà Adja-Ouèrè, ó fọ̀ ọ́, ó sì gbé e síbẹ̀ kó lè wọ̀lú ní mímọ́ láàárọ̀. Ilẹ̀ mọ́, ìkùukùu ọyẹ́ bo gbogbo ibẹ̀. Ètè gbogbo ènìyàn ti funfun. Wọ́n ti fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àtíbàbà fún àwọn àlejò. Aṣojú ìjọba kan jókòó níwájú, ó wọ kóòtù òtútù, inú rẹ̀ sì dùn pé ó rí ìdí láti wọ̀ ọ́. Katekísì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú kakí rẹ̀. Ó ta ẹ́ńjìnnì jí. Ó tẹ pẹ́dà. Ó yọ orí síta, ó pè mí.

"Àbúrò, ó le o."

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo ti lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá ná mi.

"Òtútù ni, ẹ̀gbọ́n mi," mo ní. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ kíkan."

Ó tẹ̀ ẹ́ kíkan. Gíà wọlé. Ó gbé ẹsẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ọkọ̀ náà wá fò síwájú. Èrò hó yèè. Ó kọjá níwájú àwọn obìnrin, ó kọjá níwájú àwọn ọmọ iléèwé tó ń ju àsíá. Nígbà tó dé iwájú àtíbàbà, ó fẹ́ dúró. Mo rí èjìká rẹ̀ nígbà tó ń tẹ pẹ́dà. Ó tún un tẹ̀. Epo ti dì bí ẹ̀kọ nínú ọ̀pá náà. Búréèkì ọkọ̀ àtijọ́ yẹn nìkan kò lè dá ẹ́ńjìnnì dúró. Imú gígùn náà wọ inú àtíbàbà lọ ràì.

Imọ̀ ọ̀pẹ wó lu gbogbo wọn. Aṣojú ìjọba jókòó sínú ìkòkò ọbẹ̀ kan, pẹ̀lú kóòtù rẹ̀. Katekísì ṣẹ́ ní eegun èjìká, ó ń ké. Ẹ jọ̀ọ́, mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwọn tó rí mi rò pé ẹkún ni.

Nígbà yẹn, ìjọba wa ń yí padà bí ẹni ń yí gíà, gbogbo aláṣẹ ló sì gbàgbọ́ pé wọ́n fẹ́ pa òun. Àwọn jáńdáámù, ọlọ́pàá ológun tó tẹ̀lé àlejò wá, fa ẹ̀gbọ́n mi jáde. Ọ̀gá wọn fẹ́ mọ ẹni tó rán an níṣẹ́. Kò gbọ́ Yorùbá, ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ Faransé. Wọ́n wá ògbufọ̀. Mo tún táì mi ṣe, mo bọ́ síwájú.

"Sọ fún wọn, àbúrò mi," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Sọ fún wọn pé mo tẹ pẹ́dà. Mo fi gbogbo agbára mi tẹ̀ ẹ́. Pẹ́dà ló kọ̀."

Tí mo bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe rí, wọn yóò tú pẹ́dà wò. Wọn yóò rí epo. Wọn yóò béèrè ẹni tó ka ìwé.

Mo yíjú sí ọ̀gá jáńdáámù. Mo sọ fún un ní Faransé tó dáa, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀bùn dá lọ́lá, pé, "Ó ní ẹsẹ̀ òun ló kọ̀."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ti òsì."

Ìdí ìbọn ni wọ́n fi nà án lórí orúnkún òsì. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbójú kúrò lára mi. Láàárín igbe rẹ̀ ló ti ń bi mí, "Ṣé o ti sọ fún wọn? Àbúrò mi, ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Mo ti sọ fún wọn, ẹ̀gbọ́n mi."

Oòrùn wá là. Nígbà tó di ọ̀sán, bàbá mi bẹ àwọn jáńdáámù pé kí ẹnì kan yẹ ọkọ̀ náà wò. Èmi ni mo yọ̀ǹda ara mi. Mo jókòó sídìí rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, mo fi ẹsẹ̀ òsì tẹ pẹ́dà. Epo ti yọ́. Ó lọ sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó padà sókè wẹ́rẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ wò ó fúnra yín," mo ní. "Kò sí ohun tó ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó láti ilẹ̀ ibi tí wọ́n dè é sí. Ó wo pẹ́dà. Ó wo orúnkún rẹ̀ tó ti wú. Ó wá sọ orí kọ́. Mo rí ìṣẹ́jú náà gan-an tí ó gbà pé ẹsẹ̀ òun ló jẹ̀bi.

Oṣù méje ló fi wà lẹ́wọ̀n. Nígbà tó dé, orúnkún òsì kò ṣeé ká mọ́. Ẹsẹ̀-Kọ̀ ni wọ́n ń pè é lọ́jà Adja-Ouèrè, àwọn ọmọdé sì ń fi ṣe orin. Kò fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́ láéláé. Ewúrẹ́ ló ń sùn nínú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ṣì fi ń gbé aláìsàn láti Massè àti Oko-Akarè. N kò fẹ́ ka iye àwọn tí kò dé.

Èyí tó burú jù ni pé ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n sọ fún un pé ògbufọ̀ ló gbà á lọ́wọ́ ikú, nítorí pé mo sọ ọ́ di àṣìṣe ẹsẹ̀, kò jẹ́ ọ̀tẹ̀. Òótọ́ sì ni, ẹ wo irú òótọ́! Lọ́dọọdún, ó máa ń gbé àgbàdo tuntun lọ sílé katekísì, á dọ̀bálẹ̀ bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe gbà á láyè, á ní, "Ẹ forí jì mí, ẹsẹ̀ mi ni." Tó bá kúrò níbẹ̀, á gbé ìgò epo pupa kan wá fún mi, èyí tí ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ sẹ́ lọ́dún náà.

Ìyá Felisité kì í bá a wá. Tí a bá pàdé lọ́nà, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, á wá ní, "Ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ kàwé." Kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò mọ ohun tó mọ̀.

Mo gbìyànjú láti san án padà lọ́nà tí kò ní ná mi ní nǹkan. Mo kọ́ Felisité ní Faransé fúnra mi, láti ìgbà tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí ọkàn mi lè simi. Ọmọ náà wá mọ̀ ọ́n jù.

Ní báyìí, ìjọba tuntun àwọn ológun ti dé, wọ́n ní kí kálukú dúró níwájú ìgbìmọ̀ abúlé kí ó jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ sí àwùjọ. Èmi náà dúró. Mo jẹ́wọ́ pé mo wọ táì nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń làágùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde tẹ̀lé mi, ó gbára lé ọ̀pá rẹ̀, ó jẹ́wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gbé ìwé pẹlẹbẹ náà wá sílé mi. Inú páálí ló ń tọ́jú rẹ̀ sí.

"Tún ibi òróró yẹn kà fún mi," ó ní. "Bóyá ohun kan wà tí mo fò."

Mo kà á. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé lẹ́tà ńláńlá náà ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà lábẹ́ rẹ̀. Mo tún kà á lódì. Ohùn mi kò gbọ̀n. Mo tún fi kún un pé kí wọ́n sẹ́ epo náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó mi orí. "A sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ ni, lóòótọ́." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Felisité ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Màá ní kó kà á sí mi létí. Kì í ṣe pé n kò gbà ọ́ gbọ́ o, àbúrò mi. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ mi ní Faransé ni."

Mo ní kó fi ìwé náà sílẹ̀ kí n bá a gán an, nítorí pé ó ti ń ya. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Òní ni ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀la ni Felisité ń dé. Ìwé náà wà níwájú mi lórí tábìlì, ìṣáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí mo bá sun ún, màá sọ pé eku ló jẹ ẹ́, yóò sì gbà mí gbọ́, nítorí pé èmi ni mo wí i. Tí mo bá dá a padà, ọmọ tí mo fúnra mi kọ́ ni yóò kà á. Tí mo bá lọ bá a kí n sọ ọ́ fúnra mi, ó lè nà mí, mo sì fẹ́ kó nà mí. Ohun tí mo bẹ̀rù ni pé kó forí jì mí, kó tún wá gbé epo fún mi lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí ni kí n ṣe? Ẹ má sọ pé kí n lọ gbàdúrà. Mo ti gbàdúrà ní èdè mẹ́ta, ó dùn gbọ́ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìgò epo ọdún yìí wà lórí tábìlì náà pẹ̀lú. Ọyẹ́ mú gidi láàárọ̀ yìí. Mo dojú ìgò náà dé, kò sí ohun tó jáde. Tí mo bá gbé e báyìí lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi tí mo sì dojú rẹ̀ dé níwájú rẹ̀, kò ní bi mí ní ìbéèrè kankan. Alágbẹ̀dẹ ni.

Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Mo mọ ara mi: tí epo yìí bá fi lè yọ́, màá tún sọ pé kò sí ohun tó ṣe é.